Ẹrù Kan Náà Lórí Ọkọ̀ Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ rí pé ó rẹ̀ yín, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ti alágbàfọ̀ kan fún yín. Àárẹ̀ tó wà lára obìnrin yìí, tí wọ́n bá bù ú fún odidi ìlú, gbogbo ìlú á sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àkùkọ pàápàá ò ní rántí kọ. Ilé ìwòsàn ló ti ń fọ aṣọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, tí wọ́n bá so wọ́n mọ́ra, wọn á yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, á sì ku èyí tí wọ́n á fi nu ojú oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú débi pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ní láti bẹ bàtà kó tó gbà láti bọ́.

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìfọṣọ náà sí. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló ń ké níbẹ̀ bí ìyá arúgbó mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń jà sí ogún, ooru ibẹ̀ sì lè din ẹyin lórí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, alágbàfọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ mímọ́ sí, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ ò yí, irin ò mì. Ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo níta, wọ́n ń sáré wá oníkọ́kọ́rọ́. Obìnrin yìí ò pariwo rárá. Ó wo òkìtì aṣọ tó mọ́ tónítóní, ó jókòó lé e lórí. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ìjókòó àkọ́kọ́ nìyẹn. Kó tó ka ẹẹ́ta, oorun ti gbé e lọ.

Nígbà tí oníkọ́kọ́rọ́ fi máa ṣí ilẹ̀kùn, ó bá obìnrin kan tó ká jọ bí ọmọ ológbò.

"Ẹ dákun, ẹ jí o. Mo ti ṣí i."

"Ẹ tì í padà," obìnrin náà wí, kò la ojú. "Ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọkùnrin yìí ti ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn. Wọ́n ti sunkún fún un rí, wọ́n ti dì mọ́ ọn rí, ìyá kan tiẹ̀ ti fẹnu kò ó lórí rí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ rí pé kó tìlẹ̀kùn padà. Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó rọra fa ilẹ̀kùn, ó tì í. Lẹ́yìn náà ni alágbàfọ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ nǹkan lójú àlá, níbi tó ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níta:

"Kọ́kọ́rọ́ yìí lágídí o, Ọ̀gá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó gbà."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan, òdòdó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Irọ́ ló bẹ̀rẹ̀ tàwọn méjèèjì yìí, irọ́ ogún ìṣẹ́jú.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Abẹ́ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù oníkọ́kọ́rọ́ wà, ó sì há débi pé tó bá fẹ́ sín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde síta. Alágbàfọ̀ máa ń yà síbẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á bọ́ bàtà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ti rẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ máa ń wúwo lẹ́nu bí ìrọ̀rí tí omi rin. Ọkùnrin náà á máa gé kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa dún, obìnrin náà á máa tòògbé. Lọ́jọ́ kan, ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Alágbàfọ̀ mi, ṣé kí n gé méjì?"

"Méjì kí ni?"

"Kọ́kọ́rọ́. Kọ̀ọ̀kan fún wa. Ilé kan náà."

Oorun dá lójú obìnrin náà. "Ilé wo?"

Ilé oníyàrá méjì kan ló rí lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Alágbàfọ̀, tó ń wọkọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ ní àlọ, tó tún ń wọ̀ ọ́ ní àbọ̀, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ onílé náà kì í gba ẹnikẹ́ni tí máàkì rẹ̀ ò bá tó ẹgbẹ̀ta lé àádọ́ta.

Bóyá ẹ ò mọ máàkì yìí. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣọ́ gbogbo ẹni tó ń fi káàdì ra nǹkan láwìn. Wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì bíi ti ọmọ ilé ìwé: o sanwó lásìkò, ó gòkè, o pẹ́, ó já. Ti oníkọ́kọ́rọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀ta lé mẹ́wàá. Kò pẹ́ sanwó rí láyé rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló rà láwìn, ẹ̀rọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀, máàkì náà jókòó sójú kan bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kọ̀ láti dìde, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ká ní ti onílé nìkan ni, ì bá yá. Bàbá obìnrin náà ńkọ́?

Bàbá Olósùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wọn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kó tó fẹ̀yìn tì. Tí ẹrù bá ti ju agbára ọkọ̀ lọ, kò ní jẹ́ kó jáde, bí dírẹ́bà fẹ́ kó sunkún ẹ̀jẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀: tó bá ní "ẹ káàárọ̀", fèrèsé ilé kẹta á mì. Ọmọ obìnrin méjì ló bí. Èyí ẹ̀gbọ́n fẹ́ ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ní káàdì méje. Ọjọ́ tí àwọn tó jẹ lówó wá kó àga, wọ́n kó tábìlì, wọ́n kó aṣọ fèrèsé, ẹlẹ́rìn-ín ti rẹ́rìn-ín lọ sí ìlú òkèèrè, gbèsè sì kù sí ọmọ Bàbá lọ́rùn. Ó ṣì ń san án dòní. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, tó bá rí ekòló, á sá. Látìgbà náà ni Bàbá ti fi òfin lélẹ̀: ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ òun tó kù gbọ́dọ̀ mú ìwé máàkì rẹ̀ wá.

Àbúrò Bàbá, Àǹtí Onídìrí, ló ń ṣe alárinà. Ẹnu obìnrin yìí, tí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, á tan iná fún àdúgbò mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin náà jẹ́ ọmọlúàbí," Àǹtí wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Alágbàfọ̀ wà ní ilé ìdáná, ó ń fetí léko.

"Máàkì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í mutí, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà..."

"Mo ní máàkì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀ta lé mẹ́wàá."

"Ó ku ogójì," Bàbá wí. Ìjókòó parí.

"Ṣé ìdánwò ìwé mẹ́fà lẹ fẹ́ kó yege ni?" Àǹtí pariwo. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ìyàwó yín, kí ni máàkì yín?"

"Ìyàwó mi ò béèrè. Ìdí nìyẹn tó fi jìyà."

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà báńkì dé. Oníkọ́kọ́rọ́ fi ìka méjì dì í mú bí ẹni di ìrù eku mú. Wọ́n ní nítorí pé ó ń sanwó dáadáa, àwọn fẹ́ gbé gbèdéke káàdì rẹ̀, ìyẹn ibi tí àwìn rẹ̀ lè dé, kúrò ní ẹgbẹ̀rún kan, kí ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

"Gbèsè ni wọ́n ń fi lọ̀ mí," ó wí. "Mo fẹ́ fà á ya."

"Mú un wá ná." Alágbàfọ̀ kà á tán, ó tún un kà. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń ka nǹkan. "Èló lo jẹ lórí káàdì yìí?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún."

"Pe báńkì. Bi wọ́n léèrè ohun tó máa ṣe máàkì rẹ."

Obìnrin báńkì tó gbé fóònù, ohùn tirẹ̀ náà ti rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé àwọn tó ń fún èèyàn ní máàkì kì í wo iye tó jẹ nìkan. Wọ́n ń wo bí gbèsè náà ṣe súnmọ́ gbèdéke tó. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún nínú ẹgbẹ̀rún kan, lójú tiwọn, omi ti mu ẹni náà dé ọrùn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, omi ò tíì dé orúnkún. "Àwa la fi lọ̀ yín, a ò ní ṣe ìwádìí tuntun tó máa já yín ní máàkì," ó wí. "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbà á tẹ́ ẹ wá lọ ná an, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ máa tún dé ọrùn, omi náà á sì ti pọ̀ sí i."

"Mi ò ní ná an," oníkọ́kọ́rọ́ búra, bí ẹni pé iwájú àlùfáà ló wà.

Ó gbà á. Kò sì fi ẹyọ kan kún gbèsè rẹ̀. Oṣù kejì, ìwé máàkì dé: ẹgbẹ̀ta lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó fò sókè, ó forí gbá àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ wú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Onílé wo ìwé náà, ó ní òun á di ilé náà mú fún wọn dé ìparí oṣù tó ń bọ̀, pé ọjọ́ tí wọ́n bá wá fọwọ́ síwèé lòun á tún máàkì wò.

Gbogbo wọn kó lọ sílé Bàbá. Oníkọ́kọ́rọ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá fi awò sójú. Ó wo máàkì, ó mi orí. Alágbàfọ̀ ń mí bí ẹni tí wọ́n gbé ọ̀bẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olósùwọ̀n kì í ka ojú ìwé kan ṣoṣo; ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ dúró síbì kan.

"Kí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yìí?"

"Gbèdéke tuntun ni, Bàbá. Báńkì ló..."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin!" Ife tíì jó lórí tábìlì. "Ṣé ẹ̀yin rò pé mi ò mọ̀ ọ́n? Ọkọ ọmọ mi àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbé e sókè fún un. Wọ́n gbé e sókè, ó ná an tán. Wọ́n tún gbé e sókè, ó tún ná an tán. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fún láyè sí i, ẹrù ni wọ́n máa dì kún un. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rí i!"

"Bàbá, kò ná an," alágbàfọ̀ wí.

"Kò tíì ná an. Lọ dá a padà sí ẹgbẹ̀rún kan. Ọjọ́ tó bá dá a padà ni kó wá bá mi."

Lójú títì, alágbàfọ̀ di ọkùnrin náà lápá mú. "Má fọwọ́ kàn án o. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká fọwọ́ síwèé ilé ná. Màá bá Bàbá sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́," ọkùnrin náà wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Etí ló gbọ́, ọkàn ò gbọ́. Ọmọ òrukàn ni. Kò ní bàbá tó pàṣẹ fún un rí. Àgbàlagbà kan wá wò ó lójú, ó ní "lọ ṣe báyìí", ṣé ó máa jókòó ni? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe báńkì, ó ní kí wọ́n dá gbèdéke padà sí ẹgbẹ̀rún kan. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó gbálẹ̀ kí ìyá tó jí. Kò sọ fún alágbàfọ̀. Ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ síwèé, alágbàfọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ kan, àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì. Ó wọ bàtà tó dáa. Onílé tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ títí, ó gbójú sókè.

"Ẹgbẹ̀ta lé méjìlá."

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ jọ̀ọ́," alágbàfọ̀ wí. "Ẹgbẹ̀ta lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni."

"Ìyẹn ni ti oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹ má bínú, tọkọtaya kan ń dúró nísàlẹ̀."

Wọ́n pàdé tọkọtaya náà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn yá. Alágbàfọ̀ dúró dìgbà tí wọ́n wọlé tán kó tó yíjú sí oníkọ́kọ́rọ́.

"Kí lo ṣe?"

"Mo... Bàbá ní kí n dín in kù."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo ní kó o ṣe?"

"Mo rò pé tí inú Bàbá bá dùn..."

"Ṣé Bàbá mi lo fẹ́ fẹ́ ni?" Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. "Tó bá jẹ́ Bàbá ni, lọ gbé e. Ó mọ tíì sè dáadáa. Ìhanrun rẹ̀ nìkan ni kó o ṣọ́ra fún."

"Alágbàfọ̀ mi..."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ǹ bá máa fi délé." Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà tó dáa, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síbi tó ti máa wọkọ̀ wákàtí kan ààbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò yà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Àǹtí ló ń gbé ìròyìn kiri, ó sì ń fi iyọ̀ sí i. "Ó ti rù, ó ku egungun àti kọ́kọ́rọ́. Ẹkún tó sun, omi ti wọ ẹ̀rọ rẹ̀." Ṣùgbọ́n láàárín àsọdùn ọ̀hún, òótọ́ kan wà níbẹ̀: oníkọ́kọ́rọ́ ti padà lọ bẹ báńkì pé kí wọ́n dá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin padà. Wọ́n ní èyí táwọn fi lọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí èyí tóun fúnra rẹ̀ wá ń tọrọ. Àwọn gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, ìwádìí náà á sì já máàkì díẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ṣe é, wọ́n já máàkì náà, wọ́n sì ní rárá.

Alágbàfọ̀ ń fọ aṣọ, ó ń rò. Ṣé ọkùnrin tí kò lè dá pinnu nǹkan nìyí? Tí Bàbá bá ní kó fò láti orí òrùlé ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ kan ní kó jáwọ́. Èkejì ń rán an létí ilẹ̀kùn kan tẹ́nì kan rọra tì, láìbéèrè ìdí. Láàárín méjèèjì, ẹ̀rọ mẹ́jọ ń ké. Kò tiẹ̀ lókun àtibínú mọ́. Ìbínú náà ń fẹ́ ìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ti ibi iṣẹ́ lọ sílé Bàbá tààrà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Bàbá, mo ní ìbéèrè kan. Tí ọkọ̀ tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá bá gbé mẹ́sàn-án dé ọ̀dọ̀ yín, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ojú Bàbá tàn. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n bi í ní ìbéèrè gidi. "Mo máa ń dá a dúró. Màá wo táyà, màá wo bíréèkì. Ó súnmọ́ jù. Òkúta kan lójú ọ̀nà, ó ti dojú dé."

"Èyí tó lè gbé ogójì, tó wá gbé mẹ́sàn-án?"

"Má fi àkókò mi ṣòfò. Kó máa lọ."

"Ẹ ò ní wo táyà rẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ọkọ̀ náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé nǹkan."

"Ẹrù kan náà ni, Bàbá. Tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án."

Alágbàfọ̀ yọ ìwé káàdì oníkọ́kọ́rọ́, èyí tó ní kí Àǹtí bá òun gbà wá, láti àpò, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

"Orí ọkọ̀ ńlá ni ẹrù rẹ̀ wà. Àwọn tó ń fún èèyàn ní máàkì rí i, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó dì í sórí kékeré. Ẹ wo ibẹ̀, oṣù méjì tó fi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ́wọ́."

Bàbá fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀rin lé àádọ́rin. Kò sí nǹkan kan tó fi kún un. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ná tiẹ̀ tán láàárín ọjọ́ mọ́kànlá," ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, fèrèsé kankan ò mì.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ò jẹ̀bi ẹ̀rù tó ń bà yín."

"Ṣé inú ń bí ọ sí mi?"

"Rárá. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ó dìde, ó ń lọ. Bàbá ṣì ń wo ìwé náà bí ẹni pé òsùwọ̀n tóun fi wọn gbogbo ayé òun ni wọ́n gbé síwájú òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, bíi ti àkọ́kọ́. Alágbàfọ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà sí abẹ́ àtẹ̀gùn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ wà níta, ó nàró bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Inú ṣọ́ọ̀bù ò gba ju ẹnì kan lọ, ẹni náà sì ni Bàbá, tó fa àpótí obìnrin náà wọlé, tó jókòó lé e, tí eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"O ti dé," Bàbá wí. "Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ìwé máàkì náà dà? Èyí tó burú."

Oníkọ́kọ́rọ́ nà án sí i. Ó ti wá di ẹgbẹ̀ta ó dín méjì. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ nǹkan onígi kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Òǹtẹ̀ ni.

"Lẹ́nu ọ̀nà wa, ọkọ̀ kankan ò lè jáde àfi tí mo bá tẹ eléyìí mọ́ ìwé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n dá a padà. Mo ní ó ti sọnù." Ó wúkọ́. "Inú àpótí mi ló sọnù sí."

"Bàbá, máàkì náà ò pé," oníkọ́kọ́rọ́ wí.

"Ta ló já a?" Gbogbo ibùdókọ̀ yíjú wò wọ́n. "Èmi ni mo já a! Ìwọ gbé ẹrù rẹ lọ jẹ́jẹ́, èmi ni mo dá ọ dúró. Olósùwọ̀n tó bá ṣi ọkọ̀ wọ̀n, ṣé ọkọ̀ ló máa bẹ̀?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Má ṣe gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́ lórí ohun tí mi ò mọ̀. Ìyàwó rẹ ni kó o máa gbọ́ tirẹ̀."

Yíǹkì òǹtẹ̀ náà ti gbẹ láti ọdún mẹ́fà. Bàbá mí ooru ẹnu sí i, ó tún mí sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́tà náà jáde fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà: KÓ MÁA LỌ.

Alágbàfọ̀ kò mọ ìgbà tó fi orí lé èjìká oníkọ́kọ́rọ́. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán," ó wí sí aṣọ rẹ̀.

"Kò burú," ọkùnrin náà dáhùn. "Máa san án díẹ̀díẹ̀ fún mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní Ọjọ́bọ̀ kan, láàárín iṣẹ́ àárọ̀ àti iṣẹ́ ọ̀sán, Àǹtí sì sunkún fún gbogbo àwọn tí kò ráyè wá. Ilé oníyàrá méjì ti lọ. Yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì ni wọ́n rí, ìrìn ìṣẹ́jú márùndínlógójì síbi iṣẹ́. Onílé ibẹ̀ ò béèrè máàkì. Ó kàn bi wọ́n bóyá wọ́n ń hanrun ni. Oníkọ́kọ́rọ́ gé kọ́kọ́rọ́ méjì. Oṣooṣù ni wọ́n ń dín ẹrù kù, ẹyọ lẹ́yìn ẹyọ, àárẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí aládùúgbò tí kì í kó lọ.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́tà báńkì mìíràn dé. Bàbá wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé gbèdéke sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Alágbàfọ̀ ṣí i, ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Kó tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé orí lé tábìlì yìí." Bó ṣe gbé e lé e nìyẹn.

Ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn lókè orí rẹ̀.

"Èló ló kù lórí ọkọ̀?" Bàbá béèrè.

"Igba ó dín ọgbọ̀n, Bàbá. Ṣùgbọ́n òun ló máa sọ bóyá ká gbà á."

Bàbá mi orí. Ìdáhùn yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní èrò tirẹ̀ lẹ́nu, ẹ lè rí i bó ṣe ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n yọ́ jáde. Ọkọ rẹ̀ rọra fa ilẹ̀kùn, ó tì í, wọ́n sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, nínú òórùn búrẹ́dì.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Onídìrí fi ń gun òkè bọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Kí lẹ ń ṣe níta? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi jàre!"

Bàbá Olósùwọ̀n, ẹni tí ohùn rẹ̀ bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, fi ìka lé ètè.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí lágídí," ó wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jókòó. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó gbà."